Ìyàwó Tí A Sìn Lọ Bá Iyanrìn

Ilé Màmá Ìbíjọkẹ́ ní etí òkun Akpakpa ní Kùtọnu ṣì ní ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ògiri tó yẹ kó gbá ilẹ̀kùn náà mú ni kò sí. Òkun kó ti ọ̀tún lọ lọ́dún èṣí, ó padà wá kó tòsì, ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ lóòró pẹ̀lú igi àtẹ́rígbà rẹ̀, bóyá ojú ló ń tì í. Síbẹ̀, ẹni tó bá wá kí màmá gbọ́dọ̀ kan ilẹ̀kùn, kó sì dúró kí wọ́n ṣí i fún un. Bí o bá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, níbi tí àyè ti gba màlúù méjì, màmá yóò bi ọ́ pé ilé ta ni wọ́n ti kọ́ ọ nírú ìwà yẹn.

Dúrótoyè, ọmọ kan ṣoṣo tí màmá bí, kan ilẹ̀kùn ní ọ̀sán Sátidé kan lẹ́yìn Àjíǹde.

"Ta nìyẹn?" Màmá ń wò ó láti orí àga rẹ̀. Kò sí ohun kan láàrin àwọn méjèèjì ju atẹ́gùn lọ.

"Èmi ni, Ìyá. Dúrótoyè."

"Dúrótoyè wo?"

"Ọmọ yín, Ìyá."

"Dúró ná, mò ń bọ̀." Ó tún ìró rẹ̀ ró, ó wá kọ́kọ́rọ́, ó ṣílẹ̀kùn. Dúrótoyè, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí irun rẹ̀ ti funfun tán, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn tútù tó jẹ́ yàrá àlejò tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé e wá kì í ṣe tuntun. Oṣù kẹfà ń bọ̀, ìgbà tí ìgbì òkun máa ń ga jù lọ. Yàrá ìbùsùn àti ilé ìdáná nìkan ló kù nínú ilé náà, ìpìlẹ̀ wọn sì ti hàn síta. Bí màmá kò bá kó kúrò níbẹ̀ kí òjò tó dé, òkun yóò bá a lórí ibùsùn. Dúrótoyè ti tún yàrá kan ṣe fún un nílé rẹ̀ ní Vedoko láàrin ìgboro, ó ra ibùsùn, ó ra fáànù. Màmá ní òun kò lọ.

Ìdí tí kò fi lọ ni ọkọ rẹ̀. Bàbá Adéoyè, ọmọ Kétu, tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ oníbodè, ló kọ́ ilé náà. Ó ní wọn kò gbọdọ̀ gbé òkú òun padà sí Kétu, inú yàrá àlejò tí òun fi òógùn òun kọ́ ni kí wọ́n sin òun sí. Wọ́n sin ín síbẹ̀, wọ́n fi kárò, ìyẹn táìlì dídán aláwọ̀ ewé, tẹ́ orí rẹ̀, màmá sì gbé àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Kí bàbá tó kú, ó ti fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ gàdàgbà lédè Faransé sára ògiri tó kọjú sí òkun pé ilẹ̀ yìí kì í ṣe títà, bí àwọn ará Kùtọnu ṣe máa ń kọ ọ́ nítorí àwọn oníjìbìtì. Àwọn oníjìbìtì kà á, wọ́n yà lọ. Òkun ni kò lọ sílé ìwé. Nígbà òjò tó kọjá, ó kó ògiri, ó kó kárò, ó kó Bàbá Adéoyè náà.

"Ibi tí ọkọ mi bá sùn ni mo ń sùn," ni màmá wí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó ṣe ń wí i láti ọjọ́ yìí wá.

"Ìyá, Bàbá ò sí níbí mọ́."

"Níbo ló lọ?"

Ẹlòmíràn ì bá ní ọ̀run ló lọ, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Ṣùgbọ́n jeógíráfì ni Dúrótoyè fi gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ kọlẹ́ẹ̀jì, àìsàn olùkọ́ sì ni pé bí o bá bi í ní ìbéèrè, yóò dáhùn. Ó dìde, ó gbé àwo pẹrẹsẹ kan láti ilé ìdáná, ó da gàrí sí i, ó bu omi sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mi àwo náà.

"Ẹ wò ó, Ìyá. Ìgbì kì í kọlu etíkun tààrà. Ìhà ìwọ̀ oòrùn ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wá. Bó ṣe ń gun òkè, ó ń gbé iyanrìn sún síwájú díẹ̀. Òmíràn á dé, á tún sún un. Báyìí ni iyanrìn ṣe ń rìnrìn àjò lójoojúmọ́ lọ sí ìlà oòrùn. Tẹ́lẹ̀, òmíràn máa ń ti ìwọ̀ oòrùn wá rọ́pò èyí tó lọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó òkúta sínú òkun nítorí èbúté ni ti ọ̀hún ò ti lè kọjá mọ́. Ìyẹn ni etíkun Fidjrossè níwọ̀ oòrùn ṣe fẹ̀, tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí ẹ̀, tí tiwa ń tán. Ayé tún wá ń gbóná sí i, omi òkun ń ga sí i, ó wá kúkú ba gbogbo ẹ̀ jẹ́."

Màmá wo gàrí náà. Gàrí ti sún jọ sí igun kan.

"Ìlà oòrùn. Ọ̀nà Sèmè-Kpodji nìyẹn."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Ìyá." Inú Dúrótoyè dùn. Bóyá ọmọ ilé ìwé kan ṣoṣo ni ẹ̀kọ́ yìí tíì yé rí láyé rẹ̀.

"Lẹ́yìn Sèmè ńkọ́?"

"Ẹnubodè. Lẹ́yìn ìyẹn, Nàìjíríà."

Màmá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Adéoyè! Ìwọ tí o ń mú àwọn onífàyàwọ́, ìwọ lo wá ń gba etíkun lọ sí Nàìjíríà! Láìsí ìwé! Láì sọ fún mi!"

"Ìyá, kì í ṣe pé ó..."

"Dákẹ́. Ìwọ náà lo sọ ọ́." Ó ká ọwọ́ rẹ̀ lérí itan, ó ronú. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ọkọ ti kó lọ sílé tuntun, ìyàwó ń dá jókòó sílé àtijọ́. Ìyẹn ò dáa. Mo máa lọ bá a."

Dúrótoyè dìde pé kí òun bá a di ẹrù.

"Ṣùgbọ́n n kò ní fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bí obìnrin tó ń sá kiri," ni màmá wí. "Bí wọ́n ṣe sìn mí wá sílé Adéoyè lákọ̀ọ́kọ́ ni wọ́n máa sìn mí lọ báyìí. Ìrọ̀lẹ́ ni, pẹ̀lú orin, pẹ̀lú gbogbo ẹ̀."

Ọgbọ́n dé sí Dúrótoyè lórí. Ọgbọ́n tó máa ń dé sí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì kì í sábà dáa. Kó ṣáà kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, ó rò ó nínú ara rẹ̀. Bó bá ti wọ ọkọ̀, Vedoko ni a ó yà sí.

Ni wọ́n bá dá ọjọ́ ìyàwó. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ìṣòro àkọ́kọ́ ni pé ìyàwó kò ní òbí. Àwọn òbí màmá ti kú tipẹ́, gbogbo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lọ. Dúrótoyè ní òun yóò dúró bí òbí. Àwọn obìnrin àdúgbò ṣe hàà, Nimotallahi tó ń yan ẹja ní ẹ̀yìnkùlé kejì sì ni aṣáájú wọn.

"Ìwọ kẹ̀? Ọmọ ọkọ ni ọ́," ni Nimotallahi wí. "Ará ilé ọkọ kì í fa ìyàwó lé ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀hún ni wàá ti gbà á. Nínú ilé yín, ìyàwó ẹ nìkan ni kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ Adéoyè."

Bí ó ṣe di pé Léonie, ìyàwó Dúrótoyè, ọmọ Fọ̀n láti Àgbómẹ̀, di ìyá ìyàwó nìyẹn. Láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn ló ti ń kúnlẹ̀ kí màmá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, òun ló jókòó lórí àga, màmá ló fi aṣọ bo orí, tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lórí iyanrìn, tí àwọn obìnrin yí wọn ká. Léonie wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó gbé ọwọ́ lé orí ìyá ọkọ rẹ̀.

"Ilé ọkọ nilé ẹ̀kọ́," ni Léonie wí. "Ẹ máa gbọ́ràn sí ọkọ yín lẹ́nu. Ẹ má ṣe agídí." Ó dúró. Ó rí i pé ẹnikẹ́ni kò dá òun lẹ́kun. "Ẹ má sì máa sọ níwájú àlejò pé ọbẹ̀ ìyàwó ọmọ yín kò níyọ̀."

"Ìyẹn ò sí nínú àdúrà," ni màmá wí láti abẹ́ aṣọ.

"Ó wà nínú tèmi."

"Àmín!" ni Nimotallahi àti àwọn obìnrin ké. Màmá náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kó tó ṣe é.

Màmá sunkún bó ṣe ń kúrò nílé, bí ìyàwó ṣe gbọ́dọ̀ sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ ẹkún náà fún àṣà nìkan. Nígbà tó dé ibi ilẹ̀kùn tó dá dúró, tó fọwọ́ pa á lára, ẹkún náà di òtítọ́. Ó ti ilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó dán an wò bóyá ó tì dáadáa. Ìgbì kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wọlé.

Paulin ló ni tásì tí wọ́n há ara wọn mọ́. Dúrótoyè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ níwájú, ìyàwó pẹ̀lú Léonie àti Nimotallahi wà lẹ́yìn, wọ́n ń kọrin. Dúrótoyè ti bá Paulin ṣe àdéhùn lánàá: bí wọ́n bá dé títì ńlá, kó má gba ọ̀nà Sèmè, kó padà sí ìgboro. Wọ́n dé títì. Paulin gba ọ̀nà Sèmè.

"Paulin," ni Dúrótoyè sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. "Kí la jọ sọ?"

"Ọ̀gá, ẹ ò sọ fún mi pé ìyàwó ni mo máa gbé."

"Ìyá mi ni."

"Ó fi aṣọ bojú, wọ́n ń kọrin, ó ń sunkún. Ìyàwó ni." Paulin di ọwọ́ ìdarí mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "A kì í yí ìyàwó padà lójú ọ̀nà, ọ̀gá. Bàbá mi gbé ìyàwó kan padà nítorí táyà tó bẹ́, ọkọ̀ náà ò tún ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Ibi tí wọ́n bá ń sìn ín lọ, ibẹ̀ ni mo máa gbé e dé."

Láti ẹ̀yìn, màmá bèèrè lábẹ́ aṣọ bóyá ọkọ òun á dá òun mọ̀, nítorí eyín òun ò pé mọ́. Nimotallahi ní ti ọkọ náà ò pé. Dúrótoyè fi ọwọ́ bo ojú ara rẹ̀.

Ní Sèmè, wọ́n bá Àbídéènì, ṣẹ́fù, ìyẹn olórí àdúgbò etíkun náà, lórí àga onírọ̀gbọ̀kú rẹ̀, ó kọjú sí òkun. Ọmọ Àgùdà, ìran àwọn tó ti Brazil padà, láti Àjàṣẹ́ ni, ó gbọ́ Nàgó, Yorùbá wọn níbẹ̀, dáadáa, ó sì dé fìlà. Ẹnu kò yà á rárá nígbà tí wọ́n ní ìyàwó làwọn mú wá.

"Ta lẹ bá wá?"

"Ọkọ mi ni," ni màmá wí. "Adéoyè. Ó ti Akpakpa wá."

"Ìgbà wo ló kúrò níbẹ̀?"

"Nígbà òjò, lọ́dún èṣí."

Àbídéènì di ojú, ó ń ṣírò. "Nígbà òjò lọ́dún èṣí. Àtẹ̀gùn ilé ìjọsìn kan ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ilé ọtí kan, pẹ̀lú gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ìyẹn dé, ẹja ń ta gẹ̀ẹ́gẹ̀ẹ́, ọwọ́ lásán la fi ń mú wọn. Ọkọ yín á ti tẹ̀ lé ìyẹn dé." Ó lajú, inú sì bí i. "Ohun tó ń dùn mí nípa ẹ̀yin ará Kùtọnu ni pé ẹ ò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ń kó ilé yín ránṣẹ́ sí wa lójoojúmọ́, kò sẹ́ni tó wá kí wa rí. Màmá yìí ni ẹni àkọ́kọ́."

"Ẹ má bínú," ni màmá wí, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ dìde, ìyàwó wa." Ìbínú ṣẹ́fù ti rọ̀. Ó nawọ́ sí etí omi. "Ibẹ̀ yẹn ni iyanrìn àdúgbò yín máa ń jókòó sí. Ẹni tó bá sì ti dé ọ̀dọ̀ mi kì í lọ mọ́." Ó tún nawọ́ sí ahéré onímàrìwò kan lẹ́bàá ibẹ̀. "Yàrá ìyàwó nìyẹn. Màá ní kí wọ́n gbá a. Títí ayé lẹ lè máa gbé ibẹ̀."

Dúrótoyè wo ẹ̀yìn ṣẹ́fù. Ó rí àwọn igi àgbọn tí gbòǹgbò wọn ti jáde síta. Ó rí àwọn mìíràn tó wà lóòró láàrin omi, tí orí wọn ti gé. Ó rí àpá ẹsẹ̀ àga ṣẹ́fù lórí iyanrìn, bó ṣe ń wọ́ ọ sẹ́yìn láti ìgbà tí omi ti ń lé e. Lẹ́yìn tí wọ́n to òkúta bí ìka ọwọ́ sínú òkun láti gba Kùtọnu sílẹ̀, ebi òkun kò tán, iwájú ló sún sí. Ọgbọ́n rẹ̀ ti mú ìyá rẹ̀ kúrò nínú ilé kan tí omi ń jẹ, ó mú un wá sínú èkejì, èkejì yìí ò tiẹ̀ ní ògiri láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ta ló máa wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó?" ni Nimotallahi ké. "Kò gbọdọ̀ wọlé láì wẹ ẹsẹ̀!"

Ará ilé ọkọ ló ń wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí Dúrótoyè. Òun nìkan ni ará ilé ọkọ tó wà láyé níbẹ̀. Ó gba abọ́ ike lọ́wọ́ Nimotallahi, ó bu omi òkun, ó kúnlẹ̀ síbi tí iyanrìn ti tutù.

Eré ló ka gbogbo rẹ̀ sí títí ó fi di ẹsẹ̀ ọ̀tún ìyá rẹ̀ mú. Kò tíì di ẹsẹ̀ yẹn mú rí láyé rẹ̀. Ó wú lọ́rùn ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti sán, ó sì fúyẹ́ ju bó ṣe rò lọ. Ó da omi sí i, ó fi ọwọ́ nù ún. Iyanrìn kò kúrò láàrin àwọn ìka.

Màmá ṣí aṣọ kúrò lójú. "Dúró."

"Ìyá."

"Ìwọ tí o mọ ilẹ̀, ṣé ibí yìí ni bàbá ẹ máa wà?"

Léonie ń mi orí fún un lẹ́yìn màmá pé kó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣẹ́fù náà ń mi orí. Adìẹ bà lókùn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, inú ahéré yẹn ni ìyá rẹ̀ máa sùn títí omi á fi wá bá a. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, bóyá Akpakpa ló máa padà sí, tí á lọ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Rárá, Ìyá," ni Dúrótoyè wí. "Kò ní dúró. Ó ń lọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Bí mo ṣe ń wẹ ẹsẹ̀ yín yìí, díẹ̀ nínú ẹ̀ ti lọ."

"Dé ibo?"

"Ó máa kọjá ẹnubodè. Lẹ́yìn ìyẹn, n kò mọ̀." Olùkọ́ ni, kò fẹ́ràn àtimáa sọ gbólóhùn yẹn lójú èèyàn.

Màmá wo òkun. Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwà ẹ̀ náà nìyẹn! Ṣé ẹ rí i, oníbodè ni mo fẹ́. Wọ́n gbé e lọ bodè Malanville, wọ́n gbé e lọ Hilakondji, wọ́n gbé e lọ Kraké. Kò sí èyí tí mo bá a lọ nínú ẹ̀. Bó bá ń lọ, màá sìn ín dé ìta, màá padà sínú ilé, màá tọ́ ọmọ. A kì í gbé ẹní tẹ̀ lé ọkùnrin tí kì í dúró lójú kan." Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó wọ bàtà. "Ṣẹ́fù, ẹ ṣeun, ẹ gbọ́. Léonie, gbé àpò mi. Ilé ọmọ rẹ̀ ni màá ti máa dúró dè é. Ṣé ọ̀nà Vedoko ló kù, àbí Paulin ò mọ ibẹ̀?"

Léonie dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní Fọ̀n. Nimotallahi dá orin mìíràn, Paulin sì sáré lọ gbé ọkọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ohun tí Dúrótoyè ti ń bẹ̀bẹ̀ fún láti ọdún kan ti bọ́ sí i lọ́wọ́, kò ku ohun tó kọjá kó dìde.

Kò dìde. Ìgbì kan dé, ó yí orúnkún rẹ̀ ká, ó padà, iyanrìn sì yọ̀ díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ó tẹ ọwọ́ méjèèjì mọ́lẹ̀ kó má bàa lọ. Gbogbo ọdún tó fi ń jiyàn, tó ń fi gàrí ṣàlàyé, tó ń gbèrò bí òun ṣe máa tan ìyá òun kúrò nílé, kò sọ fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan pé bàbá òun ni omi ń gbé lọ. Ìyá rẹ̀ ló mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbì mìíràn dé, ó tún gbé díẹ̀ lọ láàrin àwọn ìka rẹ̀. Ẹkún gbà á, ó sì ń sun ún sókè bí ọmọdé, níwájú ṣẹ́fù, níwájú ìyàwó rẹ̀.

"Dìde, ilẹ̀ ń ṣú," ni màmá wí láti ẹnu ọ̀nà ọkọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n dúró sí i. Ó ṣì ku díẹ̀ nínú Bàbá níbí."

Màmá bọ́ bàtà rẹ̀. Ó ní kí Paulin pa ọkọ̀, ó rìn padà wá, ó sì jókòó tì í sínú omi.